Bí ọmọ yín yóò ṣe ka "vosh" àti "jeem": ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá inú ìdánwò phonics

Bí ọmọ yín bá wà ní Year 1 (kíláàsì ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà) nílẹ̀ England, ó lè gbé bébà kan wálé tí wọ́n kọ "vosh", "jeem" àti "blen" sí. Ẹ má wulẹ̀ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kò sí níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a ni.

Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò phonics yìí, tó ń wò bóyá ọmọ lè fi ìró lẹ́tà ka ọ̀rọ̀, oṣù kẹfà ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ 40 ni ọmọ máa kà sí olùkọ́ rẹ̀ létí: 20 jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, 20 jẹ́ àtọwọ́dá, pẹ̀lú àwòrán ẹ̀dá abàmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ má baà máa wá ìtumọ̀. Máàkì 32 ni wọ́n sábà máa ń béèrè; ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ á tún un ṣe ní Year 2. Ọmọ tó kàn há ọ̀rọ̀ sórí lè ka "house" dáadáa kó sì dúró gbagidi níwájú "vosh".

Ìró lẹ́tà ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kì í ṣe orúkọ lẹ́tà. Ibí yìí gan-an ló ti ń dojú rú fún àwa Yorùbá, torí a fẹ́ràn kí fáwẹ̀lì parí ọ̀rọ̀: "blen" á di "bíléènì". Bí p bá parí ọ̀rọ̀, bí i "zep", ẹ pa ètè dé, kí ẹ má sì fi "u" tẹ̀ lé e. P yẹn náà kì í ṣe p tiwa. Ètè nìkan ló ń pè é. Ẹ ṣọ́ n pẹ̀lú. Ọmọ tó ti ń ka Yorùbá lè pe "rin" bí ẹni ń sọ pé "ó rìn", kó gba imú jáde. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ahọ́n gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn eyín òkè kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ọ̀rọ̀ náà: àmì róbótó kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà tó dá dúró, ìlà lábẹ́ lẹ́tà méjì tó ń gbé ìró kan. Gb inú "gbogbo" ni kí ẹ fi ṣàlàyé, á yé e kíá. "Vosh" jẹ́ ìró mẹ́ta: v, o, sh. "Snoft" jẹ́ márùn-ún. Ní ti "pame", ẹ fi ìlà so a mọ́ e; e ò ní dún, a ni yóò dún bí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí i ti inú "name". Kí ọmọ fi ìka tọ́ ìró kọ̀ọ̀kan, kó wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá pe ìró kọ̀ọ̀kan tí kò pa wọ́n pọ̀, kò gba máàkì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó mọ̀, kó ka "strom" sí "storm". Ẹ má pariwo. Ẹ fi ọwọ́ bo ìparí, kó ka "str", kí ẹ wá ṣí "om". Bó bá tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tó sọ kẹ́yìn ni wọ́n ń kà.

"Zow" lè dún bí "cow" tàbí "snow", méjèèjì ni wọ́n ń gbà. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọn kò ní gbà ju bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an lọ. Olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ ro ti bí ọmọ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ nílé (accent rẹ̀).

Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ tó, ọ̀rọ̀ mẹ́fà, gidi àti àtọwọ́dá pọ̀. Bí ẹ bá ń dá tiyín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kọ ọ́ síwájú ọmọ, kó má lọ jẹ́ èébú.