Bí mo ṣe yan rẹ̀sísítọ̀ àti kàpásítọ̀ fún LFO tí kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀

LFO ni òsílétọ̀ (àyíká iná tí fóltì rẹ̀ ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀) tó lọ́ra débi pé etí kò lè gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa darí ohùn mìíràn. Bí apá onígángan ṣe ń fún ọṣán mọ́ra kí ohùn ìlù lè gòkè sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fóltì LFO ń ṣe fún fílítà (èyí tó ń sẹ́ ohùn) inú àpótí ohùn tí mo kàn sílé l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ bákan náà ṣáá, ó sú mi. Mo fẹ́ èyí tí olùgbọ́ kò ní mọ ibi tó kàn.

Àwọn kan máa ń fi ariwo inú tiransísítọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n bátìrì 9V ni mo fẹ́ lò (ẹ ṣáà mọ bí iná wa ṣe rí), bí bátìrì bá sì ti ń sún mọ́ 7V, ọ̀pọ̀ tiransísítọ̀ kì í pariwo dáadáa mọ́. Mo bá mú IC CD40106. Ínfátà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: bí fóltì tó wọlé bá ga, èyí tó jáde á lọ sílẹ̀, bó bá lọ sílẹ̀, á ga. Ẹ so rẹ̀sísítọ̀ (tó ń dín iná kù) láti ẹsẹ̀ tí iná ń gbà jáde padà sí èyí tó ń gbà wọlé, kí ẹ so kàpásítọ̀ (tó ń gba iná pamọ́) láti ibẹ̀ sí gíráùndì, òsílétọ̀ dé nìyẹn. Mẹ́rin ni mo lò. Mo so ẹnu méjì tó kù mọ́ gíráùndì kí wọ́n má baà máa ṣe wèrè.

Ẹ fi mẹ́gáóòmù sọ máíkírófáràdì di púpọ̀, ìṣẹ́jú àáyá tí òsílétọ̀ fi ń lọ tó fi ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló máa já sí. Ó ku nọ́ńbà kan tí ẹ tún máa fi sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn sì ń yàtọ̀ láti orí IC kan sí òmíràn, bíi 0.8 sí 1.5. Mo fi 220k (mẹ́gáóòmù 0.22) àti 10 µF (máíkírófáràdì 10) dán tèmi wò, mo fi fóònù ka ìgbà tí LED, iná kékeré kan, ń tàn: bíi 2.5. Nọ́ńbà tèmi jẹ́ bíi 1.1.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ṣe ní bára dọ́gba. Bí ẹ bá yan 1, 2 àti 3, gbogbo wọn á tún pàdé ní 6, etí á sì ti mọ̀ ọ́n. Mo yan 220k pẹ̀lú 10 µF, 390k pẹ̀lú 10 µF, 330k pẹ̀lú 22 µF, 270k pẹ̀lú 47 µF: 2.2, 3.9, 7.3, 12.7, kí n tó fi 1.1 sọ wọ́n di púpọ̀. Kàpásítọ̀ wọ̀nyí lè fi 20% yẹ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Ó máa ń bí àwọn oníṣẹ́ nínú, àmọ́ oore ló ṣe fún mi.

Takie ni mo ti rà wọ́n, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe.

“Àbúrò, ti fóltì mélòó?”

“16V, sà.”

“25V ló wà. Mú un, kò ṣe nǹkan.”

Òótọ́ ni, kò ṣe nǹkan. Wọ́n tún fi 10 µF kan tí wọ́n tú lára tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ṣe èènì fún mi. Mo fi 1M tì í, LED tàn, kò kú mọ́. Iná tó ń gba inú 1M kọjá kéré gan-an. Bó ṣe ń wọlé ni kàpásítọ̀ ogbó náà ń jò ó dànù, fóltì kò sì dé ibi tí ínfátà á ti yí padà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọjá nǹkan bíi 500k: bí mo bá fẹ́ kó lọ́ra sí i, kàpásítọ̀ ni mo ń fi kún.

Láti pa òsílétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, mo fi rẹ̀sísítọ̀ kọ̀ọ̀kan so wọ́n síbì kan. Bí rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí bá dọ́gba, ìpele 5 péré lẹ máa rí. Mo lo 47k, 100k, 220k àti 470k, ó di 16. Mo fi 22 µF sí ibi tí wọ́n ti pàdé kí fóltì má baà máa fò. Fóltì ń gba bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó yí. LM358, IC mìíràn tó ń gbé fóltì láìfà á sílẹ̀, ló gbé e dé fílítà. Súìsì kékeré kan ń yọ 22 µF yẹn fún ìgbà tí mo bá fẹ́ kó fò. Bákan náà, mo ti yọ 390k, mo fi fólúùmù 500k dípò rẹ̀, pẹ̀lú 47k lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà já sí òdo.