Bí Mo Ṣe Gbé Màmá Gun Omi l'Ágbádárìgì Láìsí Aṣọ Ẹbí

Ọ̀rọ̀ fìlà ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Màmá fẹ́ pé ọmọ 70 ọdún, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti mú aṣọ ẹbí: léèsì aláwọ̀ ewé, fìlà àti gèlè aláwọ̀ wúrà. Gbọ̀ngàn, alága, eléré, wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa á bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni èmi máa jókòó?"

Bọ̀dá wa tó ń gbé ní London ló là á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn àti ìyàwó wọn ti wọ ọkọ̀ afẹ́ ńlá tó ń rin orí òkun. Lákọ̀ọ́kọ́, táì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún Bọ̀dá lọ́rùn pa: àwọn alẹ́ kan wà tí èèyàn ò lè wọ yàrá oúnjẹ láìmúra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọkọ̀ Norwegian Cruise Line ni, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Freestyle lọ́dún 2000: ìgbà tó bá wù ẹ́ ni wàá jẹun, ẹni tó bá wù ẹ́ ni wàá bá jókòó. "Bùbá àti ṣòkòtò ni mo fi jẹun alẹ́," Bọ̀dá wí lórí WhatsApp, "kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ẹ gbé Màmá gun omi jàre."

Èmi tí mò ń gbé l'Ágbádárìgì ni wọ́n ju iṣẹ́ náà sí lọ́wọ́.

Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí Gberefu, erékùṣù tó wà lódìkejì omi, wà létí omi ní Marina. Orí-orí ni wọ́n ń gba owó wọn, tí ẹ bá ti kọjá sọ́hùn-ún, ó parí. Ọkọ̀ tí yóò jẹ́ tiwa nìkan ni mo ń wá ní tèmi. Awakọ̀ kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ń lọ gan-an?" Mo ní a ò tíì mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí: báwo lòun ṣe máa díye lé ibi tí a ò mọ̀? La bá fi àdéhùn sí wákàtí mẹ́rin, epo lọ́tọ̀.

Ohun gbogbo la lè mú ṣeré, àfi láífù jákẹ́ẹ̀tì. Àwa mọ́kànlá ni, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé sípù ń lọ, ṣé okùn ṣe é so? Méjì ti ya, fóòmù inú wọn ti yọ síta bí ìfun. Awakọ̀ ní kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Mo ní kó wá méjì mìíràn. Ó fajú ro, ó lọ yá a lọ́dọ̀ ẹnì kejì ẹ̀. A sì jọ fẹnu kò pé a ó ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ìjọba ò fẹ́ kí ọkọ̀ rin omi Èkó lálẹ́.

Ti oúnjẹ, n ò se ìrẹsì. Mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹja díndín, gàrí, omi tútù, àti àgbọn. Ta ló ń wá àgbọn tì l'Ágbádárìgì? Ẹni tí ebi bá pa kó bu tiẹ̀. (Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì gbé kúlà ìrẹsì kan wá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tó yá.)

Ọjọ́bọ̀ kan ní ìparí oṣù Kẹjọ la lọ, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀. Ànkárá àtijọ́ àti sálúbàtà ni Màmá wọ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n ní kí awakọ̀ rọra, wọ́n ń wo ẹ̀yìn: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn lọ́hùn-ún, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí lọ́dún 1845. "Ojú títì ni mo ti ń wò ó láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé," Màmá wí. "Àṣé omi ló kọjú sí."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni ẹ́ńjìnì ti húkọ́, ó dákẹ́. Ewéko ojú omi ni, èyí tó kọ́kọ́ yọ sí omi Àgbádárìgì yìí lọ́dún 1984 tí kò sì tíì lọ. Awakọ̀ gbé ìdí ẹ́ńjìnì sókè, ó mú ọ̀bẹ, ó ń gé gbòǹgbò dúdú tó wé mọ́ pọ̀pẹ́là bí irun tó ta kókó. Ká ní òde àríyá ni, alága ì bá ti máa wo aago. Níbí, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í po gàrí. Àwọn ọmọ ń já òdòdó elésè àlùkò tó wà lórí ewéko náà. Ó tó ogún ìṣẹ́jú, bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A gúnlẹ̀ sí Gberefu. N ò ní purọ́, ara mi ò kọ́kọ́ gbà á: ṣé ibi tí wọ́n ti kó ẹrú kọjá lèèyàn ń wá gbafẹ́? Ọ̀nà oníyanrìn yẹn ni wọ́n dà wọ́n gbà lọ sétí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, ìtàn ní omi rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Màmá dúró tì í pẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yára, kò sí bọ́ọ̀sì tó ń fọn fèrè. Wọ́n sọ nǹkan kan sínú kànga náà tí n ò gbọ́, a tún ń lọ. Nígbà tí a dé etí òkun ni wọ́n bọ́ sálúbàtà, wọ́n jókòó sórí yanrìn. Wọ́n jókòó dáadáa.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, wákàtí mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti sùn lọ, ẹnu wọn là sílẹ̀. Awakọ̀ yọ fóònù, ó fi aago hàn mí. Kí n tó sọ̀rọ̀, Màmá, tí wọ́n ti ki ọwọ́ bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, bi í pé, "Ọmọ mi, èló ni wákàtí kan sí i?"