Bí a ṣe ń to páǹpù ọmú àti fíìdà ọmọ sílé

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú páálí páǹpù ọmú, rọ́bà kékeré tí ẹnu rẹ̀ rí bí àgógó pẹ́pẹ́yẹ ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ó fúyẹ́, omi ìfọǹkan á gbé e lọ, tàbí kó há sáàárín àwo kí wọ́n sì gbọ̀n ọ́n dànù. Bí kò bá sí níbẹ̀, mọ́tò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú páǹpù fà, á kàn máa kùn lásán ni, kò ní fa wàrà, ìyá ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọmú òun ti ń gbẹ. Ètò tó dáa ni èyí tí ẹni tí oorun ń kùn láago méjì òru, tí iná sì ti lọ, á fi lè nawọ́ kó bá ohun tó ń wá. Tí ìyá àgbà tó wá tọ́jú ọmọ á sì fi mọ èyí tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì mọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ ní

Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tó mọ́, kí ẹ pín in sọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni ohun tí wàrà ń kàn: àrọ tí a ń gbé lé ọmú, ọrùn tó so àrọ mọ́ ìgò, rọ́bà àgógó yẹn, ìgò àti ọmọrí rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ohun tí wàrà kò gbọdọ̀ kàn: mọ́tò, wáyà rẹ̀, àti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Páǹpù tó dáa máa ń ní awẹ́ rọ́bà kan láàárín tí kì í jẹ́ kí wàrà dé inú mọ́tò. Èyí tí kò bá ní in, ẹ má rà á ní tòkunbọ̀ rárá. Wàrà tó ti wọ mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo ara àrọ dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà kan níbẹ̀: 21, 24 tàbí 28. Ìbú ihò rẹ̀ nìyẹn, ní mìlímítà. 24 ló sábà máa ń wà nínú páálí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyá ló bá mu. Bí orí ọmú bá ń ha ara ihò náà, àrọ ti kéré jù. Bí awọ dúdú tó yí orí ọmú ká bá ń wọlé púpọ̀, ó ti tóbi jù. Méjèèjì ló ń dunni, méjèèjì ló sì ń dín wàrà kù. Èyí tí kò bá yín mu, ẹ mú un kúrò láàárín àwọn tí ẹ ń lò.

Fíìdà mélòó ló tó? Ọmọ oṣù 1 sí oṣù 6 sábà máa ń mu nǹkan bíi 750 ml láàárín wákàtí 24. Àwọn kan ò ju 570 lọ, àwọn mìíràn ń dé 900. Ìyá tó bá kúrò nílé fún wákàtí 10 á nílò bíi 300 sí 400 ml, ìyẹn fíìdà 4 tí 75 sí 100 ml wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 2 kún un nítorí ọjọ́ tí omi bá wọ́n tàbí tí ọ̀kan bá jábọ́. 6 ti tó. Ẹni tó to 12 sórí pẹpẹ kàn ń ra iṣẹ́ fún ara rẹ̀ ni, torí bí èyí tó mọ́ bá ṣì wà nílẹ̀, èyí tó dọ̀tí á máa sùn mọ́ inú síńkì. Ní ti páǹpù, ẹ ní ẹ̀dà méjì gbogbo ohun tí wàrà ń kàn, kí rọ́bà àgógó 2 tí ẹ kò tíì lò sì wà nípamọ́.

Fíìdà tí àwọn èèyàn fi ta yín lọ́rẹ níbi ìsọmọlórúkọ máa ń jẹ́ oríṣiríṣi, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wá. Ọrùn èyí gbòòrò, ti ìyẹn tín-ín-rín. Ìdérí tiwọn jọra lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn mu, wàrà á sì máa jò sí ọmọ lọ́rùn. Ẹ mú irú kan ṣoṣo tí ẹ ó máa lò, kí ẹ fi ìyókù ta ẹlòmíì lọ́rẹ. Ẹ yí ìdí fíìdà sókè kí ẹ wo nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta: 5 ni ike tó ń gba omi gbígbóná dáadáa. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó jẹ́ tòkunbọ̀ àtijọ́, pàápàá èyí tó ní 7 tí kò sì kọ ọ́ sára pé òun kò ní BPA, kẹ́míkà kan tí wọ́n fi ń ṣe ike. Yúróòpù fòfin de BPA nínú fíìdà ọmọ ní ọdún 2011, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 2012, nítorí náà èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ìgbà náà lè ní in.

Ibi mẹ́rin, kì í ṣe ibi kan

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú agbọ̀n kan. Ibi tí a ti ń fún wàrà, ibi tí a ti ń fọ nǹkan, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ, àti ibi tí wọ́n ń gbé, ó yẹ kí wọ́n yàtọ̀ síra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ti ìfúnwàrà. Agbọ̀n tó ní ọwọ́ ló dáa jù, kó lè tẹ̀ lé yín lọ sí pálọ̀. Ẹ kó mọ́tò sínú rẹ̀, àti ẹ̀dà kan tí ẹ ti tò pọ̀ sínú abọ́ ọlọ́mọrí, ìgò 2 tó ṣófo, aṣọ ìnura kékeré, iná tó ń gba ṣájì, power bank, tẹ́ẹ̀pù oníwèé àti máákà. Kí ẹ tó fún wàrà ni kí ẹ ti kọ ọjọ́ àti wákàtí sára tẹ́ẹ̀pù, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò nígbà tó ṣì gbẹ. Tẹ́ẹ̀pù kì í mọ́ ara ìgò tó ti tutù tó sì ti ń làágùn, máákà náà á sì parẹ́.

Fún fífọ̀, ẹ ya báfù kékeré kan sọ́tọ̀ tí a kì í fi fọ nǹkan mìíràn. Ẹ má fi ohun èlò ọmọ sínú síńkì. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣan ẹran àti ẹja tútù, kòkòrò àìfojúrí sì pọ̀ níbi ihò rẹ̀. Ẹ ní búrọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ náà. Ẹ ra asẹ́ kékeré tí a fi ń sẹ́ tíì: inú rẹ̀ ni rọ́bà àgógó á máa wà láti ìgbà tí ẹ bá ti tú páǹpù títí yóò fi gbẹ. Asẹ́ yìí nìkan á yọ yín nínú wàhálà tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Bí ẹ ó ṣe fọ̀ ọ́ nìyí:

1. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, títí kan rọ́bà tí ọmọ ń fà lẹ́nu fíìdà.
2. Ẹ fi omi tútù ṣàn án kíákíá. Bí ẹ bá fi omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀, wàrà á sùn mọ́ ara ike.
3. Ẹ bu omi gbígbóná àti ọṣẹ sínú báfù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má lo kànrìnkàn ìfọkòkò tàbí wáyà. Ibi tó bá ha ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Ẹ má sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu rọ́bà àgógó. Ìka ni kí ẹ fi rọra fọ̀ ọ́, torí bí ẹnu yẹn bá ti là díẹ̀ sí i, páǹpù ò ní fà mọ́.
4. Ẹ fi omi tó ń ṣàn ṣàn án. Bí ẹ̀rọ omi kò bá yọ, kí ẹnì kan máa fi kẹ́tùrù da omi lé e. Kí a máa ri gbogbo rẹ̀ bọ abọ́ omi kan náà kì í ṣe ṣíṣàn.
5. Ẹ fọ báfù àti búrọ́ọ̀ṣì náà, kí ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì kọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ká máa sè wọ́n fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, tàbí tí ara rẹ̀ kò le. Ìṣẹ́jú 5 ni, kíkà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí omi bá ti hó. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sí ìdí ìkòkò kí ike má baà yọ́ mọ́ ọn, kí ẹ ti ka ìwé inú páálí tẹ́lẹ̀ pé ó gba sísè. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí gáàsì kí ẹ lọ dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìdà ló ti kú sínú ìkòkò tí omi rẹ̀ gbẹ. Bí omi kànga ẹ̀rọ yín bá fi èérí funfun sílẹ̀ lára ìgò lẹ́yìn sísè, ohun tó wà nínú omi ni, kì í ṣe wàrà.

A kì í fọ ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà àfi bí wàrà bá wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìrì nínú rẹ̀, ẹ so ó mọ́ mọ́tò nìkan kí ẹ tan mọ́tò fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á gbẹ. Bí ẹ bá rí àmì dúdú dúdú, ó ti bu nìyẹn, ẹ sọ ọ́ nù.

Lórí aṣọ mímọ́ tàbí ráàkì ni kó ti gbẹ fúnra rẹ̀. Aṣọ ìnuwo ilé ìdáná kì í kàn án, torí ìdọ̀tí àná wà lára rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin àti ọmọńlé, àti nítorí eruku nígbà ọyẹ́. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni ẹ tó lè kó o sínú ike ọlọ́mọrí tó mọ́ gaara, jìnnà sí gáàsì àti epo dídín. Ẹ fi rọ́bà fíìdà sínú òrùka rẹ̀, kí ẹ ti ọmọrí pa, kó má sí ohun tí aáyán lè gùn lé.

Fíríìjì, firísà àti ọ̀rọ̀ iná

Wàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lè wà níta fún wákàtí 4 bí yàrá kò bá gbóná ju 25°C lọ. Ọ̀sán wa kì í sábà tutù tóyẹn, nítorí náà ẹ má dúró dé wákàtí 4. Ẹ gbé e wọ fíríìjì lójú ẹsẹ̀. Nínú fíríìjì tó wà ní 4°C, ó lè lo ọjọ́ 4. Nínú firísà tó wà ní -18°C, oṣù 6 ló dáa jù, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 12 lọ. Ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀ ni òǹkà oṣù yẹn wà fún. Ibi tí iná bá ti ń ṣe ségesège, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má kó ju ohun tí ọmọ máa mu ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì jọ.

60 sí 120 ml ni kí ẹ bù sínú ọ̀rá ìtọ́jú wàrà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àyè bíi 2.5 cm sílẹ̀ lókè torí wàrà máa ń wú bó bá ń dì. Ọ̀rá tó kún dé ẹnu á bẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí àwo títí yóò fi dì, ẹ wá tò ó lóròó sínú ike ice cream tó ti ṣófo: tuntun lẹ́yìn, èyí tó pẹ́ jù níwájú, iwájú sì ni a ti ń mú. Òkè ẹran àti ẹja ni ike yìí ń gbé, kò gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ wọn, kí omi ẹran má baà kán sí i. Ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì kò dáa fún wàrà, ibẹ̀ ló ń gbóná jù. Ẹ má sì da wàrà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ lé èyí tó ti tutù lórí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tutù.

Firísà tó kún lè mú òtútù dání fún nǹkan bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ, èyí tó kún dé ìdajì á lo 24, fíríìjì kò sì ju 4 lọ, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i. Nítorí náà, ẹ fi pure water dí gbogbo àyè tó ṣófo nínú firísà. Omi tí àwọn ará ilé ń mu, ẹ gbé e sínú kúlà níta, torí ẹni tó ń wá omi tútù ló ń ṣí firísà jù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bí iná bá lọ tó sì dé nígbà tí ẹ kò sí nílé? Ẹ jẹ́ kí omi dì nínú ife kékeré kan, kí ẹ gbé owó ẹyọ lé e lórí. Ta ló ṣì ń rí kọ́bọ̀ ná? Òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ á ṣe é. Bí ẹ bá bá òkúta náà nísàlẹ̀ ife, gbogbo nǹkan ti yọ́ kó tó tún dì, wàrà yẹn kò dáa mọ́. Bí ẹ bá dé tí wàrà ń yọ́ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ lè dá a padà kó dì. Èyí tó ti yọ́ tán tó ṣì tutù, ẹ gbé e sí fíríìjì kí ọmọ mu ún kí ọjọ́ kejì tó kọjá. Èyí tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dà á nù, bó ti wù kó dùn yín tó.

Bí ẹ bá fẹ́ lo èyí tó dì, ẹ gbé e sí fíríìjì mọ́jú, kí ẹ lò ó láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tó bá yọ́ tán. Inú abọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ ti mú un gbóná. Màìkìrówéèfù máa ń mú apá kan gbóná gan-an tí apá kejì á sì tutù, ẹnu ọmọ á sì jó. Bí ọ̀rá inú wàrà bá léfòó sókè, kò túmọ̀ sí pé wàrà ti bàjẹ́, ẹ rọra yí ìgò kó pò pọ̀. Èyí tí ọmọ bá mu kù, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ kí ẹ tó dà á nù. Ibi tí omi bá sì ti ṣòro, ẹ gbé fíìdà jù sílẹ̀, kí ẹ lo ife kékeré. Àjọ WHO àti UNICEF fọwọ́ sí i, kò ní ẹnu tóóró tí ìdọ̀tí lè há sí, ìṣẹ́jú kan ni fífọ̀ rẹ̀.

Àpò ibi iṣẹ́

Alẹ́ ni kí ẹ ti dì í. Abala 54 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín iṣẹ́, ẹ kò sì ní fẹ́ lo ààbọ̀ wákàtí yẹn láti máa wá ọmọrí ìgò. Fún ìgbà méjì tí ẹ ó fún wàrà, ẹ̀dà méjì tó mọ́ nínú ọ̀rá funfun, àti ọ̀rá dúdú kan tó ṣófo fún èyí tí ẹ bá ti lò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi í mú. Ẹ fi ìgò 4 sí i, àti kúlà kékeré tí ẹ to pure water dídì yí ká inú rẹ̀; bí yìnyín bá ṣì wà, wàrà á lo wákàtí 24 níbẹ̀. Èyí tó ń lọ sí crèche gbọ́dọ̀ ní orúkọ ọmọ pẹ̀lú ọjọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹnì kan yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Rọ́bà fíìdà tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ra, tó là, tàbí tí wàrà ń ya jáde níbi tó yẹ kó ti máa kán, ó ti lo ìgbà rẹ̀. Bí páǹpù kò bá fà tó bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó pe oníṣẹ́ iná, ẹ pààrọ̀ rọ́bà àgógó. Fún ẹni tó ń fún wàrà lójoojúmọ́, oṣù 1 sí 3 ló sábà máa ń lò.