Bẹ́ ẹ ṣe máa fi oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè bọ́ màlúù olóyún la wíńtà já

Tí wọ́n bá ti kórè àgbàdo tán ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá wọ oṣù kọkànlá, oko yẹn ò tíì ṣófo o. Ewé wà nílẹ̀, háhá wà nílẹ̀, àgbàdo tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, màlúù tó lóyún lè máa jẹ ẹ́ fún oṣù méjì sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ fowó rà. Owó tó ń bá koríko yẹn lọ lọ́dọọdún kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn táwọn tó ń sin màlúù ẹran níbẹ̀ fi ń wá oko àgbàdo háyà. Àmọ́ ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé èèyàn á rí màlúù tí ikùn ẹ̀ yọ, á ní ó ti yó, kò ní mọ̀ pé purotéènì tó wà nínú ohun tó ń jẹ ò tó nǹkan, pé ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, òun pẹ̀lú ọmọ nínú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye màlúù tí oko yẹn lè gbà. Ìṣirò táwọn ará Nebraska ń lò ò le rárá: ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ni oko, bushel mélòó ló rí lórí éékà kan (bushel ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkà níbẹ̀, pọ́ùn 56 ni bushel àgbàdo kan), ẹ fi 3.5 pín in, èyí tó bá jáde ni iye ọjọ́ tí màlúù kan tó wúwo tó 1,200 pọ́ùn lè fi jẹun lórí éékà yẹn. Ká ní 175 bushel ni, ọjọ́ 50 nìyẹn, éékà 100 á bọ́ màlúù 100 fún ọjọ́ 50. Tí màlúù yín bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ náà á dín kù. Ìdajì ewé àti háhá péré ni ìṣirò yẹn gbà pé wọ́n máa jẹ, torí wọ́n á tẹ òmíràn mọ́lẹ̀, atẹ́gùn á gbé òmíràn lọ, torí náà ẹ má fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe wà lọ.

Kẹ́ ẹ tó kó wọn wọlé, ẹ fẹsẹ̀ yín rin inú oko yẹn. Màlúù mọ ohun tó dùn, ọmọ àgbàdo ló máa kọ́kọ́ ṣà jẹ, lẹ́yìn náà háhá, lẹ́yìn náà ewé, igi pòròpórò ló máa ń kẹ́yìn. Tí ìjì bá ti wo àgbàdo lulẹ̀ kí wọ́n tó kórè, tí èyí tó wà nílẹ̀ wá pọ̀ jù, màlúù tí inú ẹ̀ ò mọ ọkà tẹ́lẹ̀ á jẹ àjẹjù, omi inú ikùn ẹ̀ á kan, ó sì lè kú síbẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 100 lójú poro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ka gbogbo àgbàdo tó ṣì lọ́mọ lára ṣùkù, ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí méjì, iye bushel tó ṣubú lórí éékà kan nìyẹn. Tó bá ti ń súnmọ́ 10, ẹ ṣọ́ra. Ẹ fún wọn ní koríko gbígbẹ yó kí wọ́n tó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì fi wáyà iná pín oko náà kí wọ́n máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wáyà yẹn tún wúlò fún nǹkan míì, tí wọ́n bá ráyè sí gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó dáa ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ tán, oúnjẹ tó máa kù ní oṣù kìíní, tí oyún ń wúwo, ni èyí tó burú jù.

Tó bá jẹ́ ọdún ọ̀dá ni, nítíréètì, ìyẹn kẹ́míkà kan tí igi àgbàdo máa ń fà látinú ilẹ̀, máa ń kóra jọ sí ìsàlẹ̀ igi náà, ó sì lè ba oyún jẹ́. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí lábù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ má sì fi ebi há wọn mọ́ oko yẹn débi tí wọ́n á fi máa jẹ ìdí igi.

Ó wá kan purotéènì, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Háhá àti ewé gbígbẹ yìí, purotéènì inú ẹ̀ kì í sábà ju 5 tàbí 6 nínú 100 lọ. Màlúù tí oyún ẹ̀ wà láàárín fẹ́ nǹkan bíi 7, èyí tó ku oṣù méjì péré kó bí fẹ́ 8 sí 9. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yẹn. Àwọn kòkòrò tójú ò rí tó wà nínú ikùn màlúù ló ń bá a da koríko, purotéènì sì ni oúnjẹ tiwọn, tí wọn ò bá rí i, pòròpórò á kàn jókòó sínú ikùn, kò ní dà, màlúù ò sì ní lè jẹ òmíràn lé e. Torí ẹ̀ ni màlúù ṣe lè rù nínú oko tí oúnjẹ kún.

Ohun tó yá jù ládùúgbò yẹn ni distillers grains. Nebraska kún fún ilé iṣẹ́ tó ń fi àgbàdo ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀, sítáàṣì inú àgbàdo ni wọ́n ń mú, ohun tó kù ni wọ́n ń tà fáwọn tó ń sin ẹran, bí àwọn ìyá wa tó ń sẹ́ ògì ṣe máa ń kó èèrí fún ewúrẹ́. Purotéènì ẹ̀ tó nǹkan bíi 30 nínú 100, ó sì lágbára. 2 sí 3 pọ́ùn lójúmọ́ tó fún màlúù kan lórí pòròpórò. Alfalfa, koríko kan tí purotéènì pọ̀ nínú ẹ̀, náà dáa, nǹkan bíi pọ́ùn 5. Tí àtilọ lójoojúmọ́ bá nira, ẹ ṣírò ti ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí mẹ́ta, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àmọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ tí yúríà, kẹ́míkà tí wọ́n máa ń fi dípò purotéènì, bá wà nínú ẹ̀ o. Àgbàdo lílọ̀ ńkọ́? Lójú tèmi, owó dànù ni, sítáàṣì ẹ̀ ń dí ìdà koríko lọ́wọ́, purotéènì tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ ń náwó ò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ rí i pé àyè wà kí gbogbo wọn lè jẹun pa pọ̀, kẹ́ ẹ ya àwọn tí oyún wọn jẹ́ àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, torí àwọn àgbà á fi ìwo lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ.

Iyọ̀ àti mínírà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí fítámì A wà nínú ẹ̀, torí koríko tó ti gbẹ kò ní in. Distillers grains ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀, kálísíọ́ọ̀mù ló kéré níbẹ̀, ẹ ra mínírà tó bá ìyẹn mu. Omi náà ṣe pàtàkì, gálọ́ọ̀nù kan fún 100 pọ́ùn ara ẹran, ẹ máa fọ́ omi dídì lójoojúmọ́ tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ tó ń mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Màlúù tí ò mu omi tó ò ní jẹun tó.

Ẹ máa fọwọ́ kan wọn. Irun wíńtà ń tan ojú jẹ. Láti 1 dé 9 ni wọ́n fi ń díwọ̀n sísanra màlúù, 5 ló yẹ kí àgbà wà tó bá fẹ́ bí, 6 fún èyí tó fẹ́ bí àkọ́bí. Tí egungun ìhà méjì tó kẹ́yìn bá ṣì hàn, ó ti wà ní 4 nìyẹn, á fẹ́ tó 80 sí 100 pọ́ùn kó tó gòkè ní ìpele kan. Nígbà tẹ́ ẹ bá já ọmú lẹ́nu ọmọ ọdún tó kọjá ló yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe ìyẹn, kẹ́ ẹ ya àwọn tó rù sọ́tọ̀, torí oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ni ọmọ inú ń dàgbà jù, ó ṣòro kéèyàn máa sanra nígbà yẹn nínú òtútù. Ọjọ́ 283 ni oyún màlúù, nǹkan bí ọjọ́ 80 ló kù tó máa fi tún gba oyún tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó bímọ lọ́dọọdún. Èyí tó bá rù ń pẹ́ kó tó gba akọ, wàrà àkọ́kọ́ tó máa fún ọmọ náà kì í dáa tó.

Òtútù náà lóhùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí irun màlúù bá nípọn tó sì gbẹ, ara ẹ̀ máa ń gbà á dé nǹkan bíi 18°F (-8°C), àmọ́ tí òjò bá pa á, 59°F (15°C) ti le jù fún un. Ìwọ̀n °F kọ̀ọ̀kan tó bá lọ sílẹ̀ ju ibẹ̀, ẹ fi 1 nínú 100 kún agbára oúnjẹ ẹ̀. Ẹ wá ohun tó máa dí atẹ́gùn fún wọn, kẹ́ ẹ sì ní koríko gbígbẹ nílẹ̀, torí ọjọ́ tí yìnyín bá dì mọ́ ilẹ̀ bí ògiri, imú màlúù ò lè la ibẹ̀ kọjá.

Tó bá ku bí oṣù méjì kí wọ́n bí, ẹ kó wọn súnmọ́ ilé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí koríko tó dáa pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Lásìkò ìbímọ gan-an, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fún wọn lóúnjẹ, púpọ̀ nínú wọn á máa bí lójú ọ̀sán nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tẹ́ ẹ lè rí wọn.