Bí A Ṣe Ń Fi Èròjà Rẹ Ẹran Nílé Kó Tó Dórí Iná

Adìyẹ ẹlẹ́yin tó ti lé ní ọdún kan àti ààbọ̀, ẹran rẹ̀ le. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ mọ̀ ọ́n: bó bá ti ń jẹun láìyé, a ó tà á ní ẹ̀dínwó tàbí ká pa á jẹ. A ó sè é títí gáàsì á fi fẹ́ tán, síbẹ̀ a ó máa fi eyín fà á bí okùn. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni ìwé yìí wà fún, àti ẹran màlúù tàbí ewúrẹ́ tí ẹ bá rà ní Ọjà Ọba.

Bí a bá fi èròjà rẹ ẹran kó tó dórí iná, iyọ̀ àti àsìkò ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo ohun tí a ń pò pọ̀, iyọ̀ ló ń wọ inú ẹran jìnnà jù, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹran di omi ara rẹ̀ mú nígbà tí iná bá kàn án. Kọ́rì, táìmù àti ata gígún kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ojú ẹran. Wọ́n dùn, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ká bu ṣíbí mẹ́wàá sí i kò ní sọ ẹran líle di rírọ̀. Fún ìdajì kílò, ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan tó tẹ́jú ti tó. Bí ẹ ó bá fi mágí sí i, ẹ dín iyọ̀ kù, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí.

Ẹ gún ááyù, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà pọ̀, ẹ po iyọ̀ àti ata mọ́ ọn, ẹ fi òróró díẹ̀ sí i. Ẹ fi ọ̀bẹ sá itan àti àyà adìyẹ náà, kí ẹ wá fi ọwọ́ ra èròjà wọ ojú ibi tí ẹ sá, títí dé abẹ́ awọ. Abọ́ dígí, tánńganran tàbí ike ni kí ẹ kó o sí. Ẹja kò nílò ju ìdajì wákàtí lọ. Adìyẹ tí a gé fẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́rin. Àgbà adìyẹ àti ẹran màlúù, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ìbẹ́pẹ

Oje ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ lára ẹran. Bó bá pẹ́ jù, ojú ẹran á funfun, á sì gbẹ lẹ́nu.

Ìbẹ́pẹ dúdú lágbára jù ú lọ. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní papain, tó wà nínú oje funfun rẹ̀, ń já iṣan ẹran, kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo fi pa adìyẹ lára rí, mo gbàgbé rẹ̀ di àárọ̀. Bí mo ṣe gbé itan rẹ̀, ẹran ṣí kúrò lára egungun sí mi lọ́wọ́, pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀. Ṣíbí ọbẹ̀ kan tí a rin fún kílò kan, ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, ó tó.

Ooru

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹran sílẹ̀ lórí tábìlì pé iyọ̀ àti ata á dáàbò bò ó. Iyọ̀ tó níwọ̀n yẹn kò lè ṣe é. Kòkòrò àìfojúrí bíi Salmonella ń pọ̀ kíákíá láàárín 5°C sí 60°C. Inú firíìjì tó tutù dé 4°C ni àyè ẹran, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ mìíràn. Wákàtí méjì ló lè lò níta. Bí ooru bá ju 32°C lọ, bíi ti oṣù kẹta níbí, wákàtí kan péré. Nítorí náà, lọ́jà, ẹran ni kí ẹ rà kẹ́yìn. Bí kò bá sí iná, ẹ ra omi dídì, ẹ bo abọ́ ẹran dáadáa, kí ẹ rì í mọ́ omi dídì náà nínú kúlà. Bí kò bá sí ìyẹn náà, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ sè é lójú ẹsẹ̀.

Omi tí ẹran tútù ti wà nínú rẹ̀, ẹ má dà á sórí ẹran tó ti jinná, àfi bó bá kọ́kọ́ hó dáadáa.

Àgbà adìyẹ kò ṣeé gbé sórí èédú tààrà, bó ti wù kó pẹ́ tó nínú èròjà. Ẹ fi omi díẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí iná jẹ́jẹ́ ná, kí ẹ tó dín in tàbí sun ún. Omi ìbọ̀ yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọbẹ̀ ata.