Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó yíyá ni
Ẹ̀yin ará wa ní Òṣogbo, bí ẹ bá fẹ́ yá ẹnikẹ́ni lówó, ìbáà ṣe ẹni tí ẹ jọ ń pàtẹ ní ọjà Ìgbọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní in lọ́kàn láti san kò ní bínú. Abala 131 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní ẹni tó fẹ́ kí adájọ́ dá òun láre ni yóò mú ẹ̀rí wá, bẹ́ẹ̀ ìwé báǹkì kàn ń fi hàn pé owó lọ ni, ẹni tó gbà á sì lè ní ẹ ta òun lọ́rẹ. Bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ kọ “owó yíyá, oṣù Kẹwàá ni yóò san án” sí àyè àlàyé, kí ẹ sì jẹ́ kó fèsì pé òun gbà bẹ́ẹ̀.