Mo jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, mo ṣubú sí títì

Ohun tí mo fẹ́ yà kò ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ: kí n fẹ́ jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé wa, kí ìdí mi má tíì kan igi kí ẹ̀yìnkùlé ti pòórá, kí n ṣubú sí ẹ̀bá títì. Ọjọ́ 2 gbáko ni mo fi yà á.

Inú Sherlock Jr., fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí kò lóhùn tí Buster Keaton ṣe ní 1924, ni mo ti rí i. Ẹni tó ń yí fíìmù nílé sinimá ni Keaton níbẹ̀. Ó sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́, lójú àlá ó rìn wọ inú fíìmù tó ń lọ lọ́wọ́. Ó fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì inú ọgbà, àárín títì ló ṣubú sí. Ó ń rìn lọ, ó ku díẹ̀ kó já sí ọ̀gbun. Ó yọjú wo ìsàlẹ̀, àárín kìnnìún ló bá ara rẹ̀. Ó bẹ́ sódò láti orí àpáta, inú yìnyín ló forí gún. Ibi ń yí padà, àmọ́ ara rẹ̀ kò yẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ ẹni tó ń gé fíìmù ni gbogbo idán náà wà. Mo ya ẹ̀yìnkùlé, mo ya títì, mo so wọ́n pọ̀ lórí fóònù. Àfi bíi pé ẹni méjì ni wá: ti títì sanra ju ti ẹ̀yìnkùlé lọ, orí rẹ̀ sì fò sókè bí ti alángbá. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni, kó tó kan àlùmọ́gàjí. Irinṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni Keaton àti Elgin Lessley tó ń yàwòrán fún un lò, kí kámẹ́rà lè jìnnà sí i bákan náà níbi gbogbo.

Èmi yá téèpù tí màmá mi fi ń ránṣọ, mo fi wọn okùn, mo ta kókó sí i ní mítà 4, láti ìdí fóònù dé gìgísẹ̀ mi. Mo lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara mọ́ ojú fóònù. Mo lóṣòó díẹ̀, mo dúró gbagidi, àbúrò mi sì fi máákà tọ ìlà ara mi sórí ọ̀rá náà. Nígbà tí a dé títì, inú ìlà yẹn ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀ padà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún síwájú díẹ̀. Orí yín ga jù.”

Oòrùn tún dà á rú: àárọ̀ la ya ẹ̀yìnkùlé, ìrọ̀lẹ́ la ya títì, òjìji mi sì bọ́ sódìkejì. A padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi tó tóbi jù: mo ń dúró sójú ìlà kí n tó ṣubú, ó sì ń hàn gbangba. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òró, mo la ìlà náà kọjá láìdúró, ibi tí ara ti ń lọ lọ́wọ́ gan-an ni mo gé e sí. Ojú ń tẹ̀ lé ìṣubú, kò ráyè wo ìgékù. (Lẹ́yìn tí mo ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá ẹlẹ́kọ sáré wá bi mí bóyá kóun wá omi.)

Mo fi han àbúrò mi lálẹ́. Ó wò ó, ó tún un wò, ó wá dá a dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, bàtà yín.”

Sálúbàtà búlúù ní ẹ̀yìnkùlé. Dúdú ní títì.